Ṣé ìsinmi lórí ọkọ̀ ojú omi kì í sú ìdílé tó bá ń lọ lọ́dọọdún?

Ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn rí ilé kan nílẹ̀ Yorùbá lónìí tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ kan lókè òkun. Tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ti gba ìsinmi lọ́hùn-ún, fọ́tò á kún orí WhatsApp: bàbá wọ ṣòkòtò péńpé, ìyá dé fìlà ńlá, àwọn ọmọ dúró níwájú ọkọ̀ ojú omi funfun kan tó ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, fọ́tò tún dé. Lọ́dún kẹta, ó tún dé. Aṣọ yàtọ̀, àwọn ọmọ ti ga sí i, àmọ́ etíkun tó wà lẹ́yìn wọn jọ ti èṣí.

Àwọn kan á ní, "Ṣé kì í sú wọn ni?" Àwọn mìíràn á dáhùn pé, "Ta ni ìgbádùn máa ń sú?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́, torí owó ńlá ló ń bá a lọ, ọjọ́ ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ kò sì pọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ tó ni irú ọkọ̀ yìí lágbàáyé, CLIA, sọ pé èèyàn tó lé ní mílíọ̀nù 31 ló wọ̀ ọ́ lọ́dún 2023. Iye yẹn ju ti ọdún 2019 lọ, ìyẹn kí àrùn kòrónà tó dá gbogbo ẹ̀ dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti lọ rí.

Ẹ jẹ́ ká sọ ìdáhùn ẹ̀ ṣáájú, ká tó máa ṣàlàyé. Ohun àjèjì tó wà lórí ọkọ̀ máa ń tán, kì í sì í pẹ́ tó fi ń tán. Ohun tí kì í tètè tán ni àǹfààní kí ìdílé jókòó pọ̀ láìsí iṣẹ́, láìsí ìdáná. Níbi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ìdílé kì í mọ èyí tí wọ́n ń sanwó fún nínú méjèèjì.

Kí ni wọ́n ń rà gan-an?

A máa fi ìlú Houston, ní ìpínlẹ̀ Texas ní Amẹ́ríkà, ṣe àpẹẹrẹ. Ìdí ni pé àwọn ọmọ Nàìjíríà pọ̀ níbẹ̀ gan-an, àwọn Yorùbá sì wà nínú wọn dáadáa. Èbúté Galveston kò jìnnà sí wọn. Nǹkan bíi wákàtí kan ni tí èèyàn bá wa mọ́tò. Kò sí wàhálà bàálù níbẹ̀. Ìdílé lè jáde nílé láàárọ̀, kí wọ́n gbé mọ́tò sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, kí wọ́n sì ti máa jẹun lórí omi nígbà tí ilẹ̀ bá máa fi ṣú.

Ẹ má rò pé ọkọ̀ yìí jọ èyí tó ń gbé èrò láti Ìkòròdú lọ sí erékùṣù Èkó o. Òtẹ́ẹ̀lì tó ń rìn ni. Ẹ wo Icon of the Seas, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Miami ní oṣù kìíní ọdún 2024: ó gùn tó mítà 365, ó ní àjà 20, tó bá sì kún, ó lè gba èrò tó lé ní 7,000, láìka àwọn òṣìṣẹ́ tó lé ní 2,000. Àwọn tó ń gbéra ní Galveston lè má tóbi tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ irú kan náà ni wọ́n: odò ìlúwẹ̀ẹ́, ilé eré, ilé oúnjẹ lóríṣiríṣi, àti ibi tí wọ́n ti ń bójú tó ọmọdé.

Owó tí ìdílé san ló kó yàrá, oúnjẹ ilé oúnjẹ gbogbogbòò, eré orí ìtàgé àti ibi ìtọ́jú ọmọdé pọ̀. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́, ọtí, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò, íntánẹ́ẹ̀tì, ìrìn ìgbafẹ́ tí wọ́n bá ṣe ní èbúté, àti owó ọpẹ́ fún àwọn òṣìṣẹ́, ọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń gbà á. Owó ọpẹ́ yẹn, wọ́n máa ń kà á lójoojúmọ́ lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, àtọmọdé àtàgbà. Ẹni tó bá ti lọ lẹ́ẹ̀kan ti mọ èyí. Ẹni tí kò lọ rí, ibẹ̀ ni ẹnu ti máa ń yà á.

Kí ló dé tí ìgbà àkọ́kọ́ fi máa ń dùn tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká ní ìyá kan wà tó ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, tó máa ń gba iṣẹ́ alẹ́. Bàbá ń wa mọ́tò lọ síbi iṣẹ́ ní wákàtí kan àlọ, wákàtí kan àbọ̀. Ọmọ mẹ́ta wà nílé ìwé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nínú ilé bẹ́ẹ̀, ó lè tó ọ̀sẹ̀ méjì kí gbogbo wọn tó jókòó sídìí tábìlì kan náà.

Lórí ọkọ̀, kò sẹ́ni tó máa bi ìyá pé kí la máa jẹ. Kò sí abọ́ tí wọ́n máa fọ̀. Wọ́n tú ẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọkọ̀ sì ń gbé yàrá wọn kiri láti ìlú dé ìlú. Bí wọ́n bá sùn lórí omi, wọ́n á jí ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Àwọn ọmọ lè rìn lọ síbi eré kí wọ́n sì padà, láìsí pé òbí ń ṣàníyàn nípa mọ́tò tó ń sáré lójú títì.

Nítorí náà, nǹkan méjì ló ń dùn mọ́ra wọn nígbà àkọ́kọ́. Èkíní ni pé ohun gbogbo jẹ́ tuntun: ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, orin, ìmọ́lẹ̀, òkun tí kò lópin. Èkejì ni pé ara sinmi, ìdílé sì rí ara wọn. Àpapọ̀ méjèèjì ni wọ́n ń pè ní "ọkọ̀ yẹn dùn". Ìgbà tí wọ́n bá ń lọ lẹ́ẹ̀kẹta tàbí lẹ́ẹ̀kẹrin ni wọ́n tó máa mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni èkíní, ọ̀tọ̀ ni èkejì.

Ohun tó bá ti mọ́ni lára

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ojú tó ti rí òkun, kò ní rí ọ̀sà kó tún bẹ̀rù. Òwe yìí ṣe rẹ́gí pẹ̀lú ohun tí àwọn onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ń sọ. Lọ́dún 1971, àwọn ará Amẹ́ríkà méjì, Philip Brickman àti Donald Campbell, kọ̀wé pé ayọ̀ èèyàn dà bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sáré lójú kan: bó ti wù kéèyàn sáré tó, ojú kan náà ló wà. Ohun tuntun dé, inú wa dùn. Kò pẹ́, ó mọ́ wa lára, a sì ń wá òmíràn.

Lọ́dún 1978, Brickman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ méjì wádìí lọ́dọ̀ èèyàn 22 tó jẹ owó ńlá nínú lọ́tìrì ní ìpínlẹ̀ Illinois. Wọ́n fi wọ́n wé àwọn aládùúgbò tí kò jẹ nǹkan kan. Kò sí ìyàtọ̀ gidi nínú ayọ̀ àwọn méjèèjì. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé àwọn tó jẹ lọ́tìrì kì í gbádùn nǹkan kéékèèké mọ́ bíi tàwọn yòókù, irú bíi kéèyàn jẹ oúnjẹ àárọ̀ tàbí kó gbọ́ àwàdà tó dáa.

Ẹ ti rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe kan ọkọ̀ wa. Ọmọ tó ti yọ̀ lórí ibi ìyọ̀ṣubú omi tó ga jù lórí òkun, odò ìlúwẹ̀ẹ́ àdúgbò kò ní wù ú mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà bàjẹ́. Bí ara ẹ̀dá ṣe rí nìyẹn.

Ìwádìí mìíràn tún wà lórí ìsinmi gan-an. Lọ́dún 2010, Jeroen Nawijn àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé àbájáde iṣẹ́ tí wọ́n ṣe láàárín èèyàn 1,530 ní Netherlands jáde. 974 nínú wọn lọ fún ìsinmi. Ohun tí wọ́n rí ni pé àwọn tó fẹ́ lọ láyọ̀ ju àwọn tí kò lọ, kí wọ́n tó gbéra. Nígbà tí wọ́n padà dé, ìyàtọ̀ yẹn ti pòórá, àfi lọ́dọ̀ àwọn tó sọ pé ìsinmi àwọn fi ara balẹ̀ gan-an.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀. Àkọ́kọ́, ìfojúsọ́nà jẹ́ apá ńlá nínú adùn ìsinmi. Ọmọ tó ń ka ọjọ́ lórí kàlẹ́ńdà ti ń jẹ adùn kó tó wọkọ̀. Tó bá wá di ìgbà kẹfà, tó ti mọ ibi tí wọ́n ti ń pín písà, tó mọ eré tí wọ́n máa ṣe lálẹ́ kejì, kí ló kù tó fẹ́ máa fojú sọ́nà fún? Ìkejì, ìsinmi tó fi ara balẹ̀ ni ipa ẹ̀ ń pẹ́ díẹ̀ lára. Ìdílé tó bá ń sáré láti eré dé eré, láti ìlà dé ìlà, á padà sílé pẹ̀lú àárẹ̀, iṣẹ́ sì ń dúró dè wọ́n lọ́jọ́ Ajé.

Òfin ọdún 1886 àti èbúté Cozumel

Ẹ lè bi wá pé, ṣé ọkọ̀ ò lè máa lọ sí ibòmíràn lọ́dọọdún ni? Ó lè lọ, àmọ́ kì í ṣe ibi tó bá wù ú.

Ìjọba Amẹ́ríkà ṣe òfin kan lọ́dún 1886 tó dá lórí ọkọ̀ ojú omi tó ń gbé èrò. Òfin náà kò gbà kí ọkọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa gbé èrò láti èbúté Amẹ́ríkà kan sí òmíràn. Tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ bá sì gbé èrò ní Galveston, tó fẹ́ yí ká kó sì já wọn sí Galveston padà, ó gbọ́dọ̀ yà ní èbúté orílẹ̀-èdè mìíràn lọ́nà. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ àwọn ọkọ̀ ìgbafẹ́ ńlá yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ́fíìsì àwọn tó ni wọ́n wà ní Miami, Bahamas, Panama tàbí ilẹ̀ òkèèrè mìíràn ni wọ́n ti forúkọ wọn sílẹ̀. Lójú òfin, àjèjì ni wọ́n.

Ẹ wá wo máàpù. Galveston wà ní etí Gulf of Mexico. Ọkọ̀ tó bá gbéra níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin tàbí márùn-ún kò lè rìn jìnnà kó tó padà. Cozumel ló máa yà sí, tàbí Progreso. Mexico ni méjèèjì wà. Tó bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan, ó lè fi Costa Maya kún un, tàbí kó dé Belize, tàbí Roatán ní Honduras. Nítorí náà, ìdílé Houston tó bá ń gbéra ní Galveston lọ́dọọdún, tí wọ́n bá rí Cozumel lẹ́ẹ̀mẹ́rin nínú ìrìn àjò márùn-ún, kò yani lẹ́nu. Àwọn tó ń gbéra ní Florida náà mọ Nassau ní Bahamas bí ẹni mọ ọjà àdúgbò.

Àwọn ilé iṣẹ́ náà tún ti ní etíkun tiwọn. Disney ti ń lo erékùṣù Castaway Cay ní Bahamas láti ọdún 1998. Royal Caribbean ní CocoCay, tí wọ́n tún ṣe lọ́nà àrà lọ́dún 2019. Ibẹ̀ mọ́, ibẹ̀ rọrùn fún ọmọdé. Àmọ́ èèyàn sọ̀ kalẹ̀ látinú ọkọ̀ ilé iṣẹ́ sórí ilẹ̀ ilé iṣẹ́, ó jẹ oúnjẹ ilé iṣẹ́, ó sì padà sínú ọkọ̀. Kò bá ará ìlú kankan pàdé.

Òṣèlú náà tún máa ń ti ilẹ̀kùn. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2016, ọkọ̀ Adonia gbéra láti Miami lọ sí Havana ní Cuba, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú. Fún ìdílé Yorùbá, èbúté yẹn kì í ṣe èbúté lásán. Ní Regla, lódìkejì omi ibẹ̀, ni ṣọ́ọ̀ṣì kan wà tí àwọn ọmọ Lukumí ti ń bọlá fún Wúńdíá Regla, ẹni tí wọ́n mọ̀ sí Yemọja. Àmọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2019, ìjọba Amẹ́ríkà fi òfin dá ìrìn àjò ọkọ̀ ìgbafẹ́ sí Cuba dúró. Máàpù ìdílé Houston tún kéré sí i.

Ọmọ ọdún 6 àti ọmọ ọdún 16

Ohun kan náà kì í sú gbogbo ará ilé lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ìjà ti ń wọlé nìyẹn.

Ọmọ ọdún 6 fẹ́ràn kí nǹkan máa rí bó ṣe rí lánàá. Ìtàn kan náà ló fẹ́ gbọ́ lálaalẹ́. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ìrìn àjò kẹta lè dùn ju èkíní lọ, torí pé ó ti mọ ọ̀nà, kò bẹ̀rù mọ́, ó sì lè máa fi han àbúrò ẹ̀.

Nígbà tó bá di ọmọ ọdún 11 tàbí 12, ọ̀rọ̀ ń yí padà. Ọ̀rẹ́ tó bá bá pàdé nínú ọkọ̀ ló máa pinnu bóyá ìrìn àjò dùn. Tó bá rí ọ̀rẹ́ lọ́jọ́ kìíní, òbí kò ní rí i mọ́ títí di alẹ́. Tí kò bá rí, á kan máa jókòó nínú yàrá.

Ọmọ ọdún 16 ńkọ́? Òun fẹ́ òmìnira. Nǹkan àkọ́kọ́ tó máa béèrè ni íntánẹ́ẹ̀tì, torí ibi tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ wà nìyẹn. Ìgbà tó bá wá pé ọdún 18, ó bọ́ sáàárín méjì: ó ti dàgbà ju ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ tó máa ń parí ní ọdún 17 lórí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì tó ẹni tó lè mutí lórí ọkọ̀ tó gbéra láti Amẹ́ríkà, torí ọdún 21 ni wọ́n fi sí.

Àwọn òbí ní tiwọn, ìsinmi ni wọ́n ń wá. Tí ọkọ̀ bá yà sí Cozumel, tí ìyá ní òun kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ má tètè sọ pé ó ti sú u. Bóyá ọjọ́ tí ó dùn mọ́ ọn jù nìyẹn, torí ọkọ̀ dákẹ́, ó rí àga jókòó, ó sùn. Tí màmá àgbà bá sì wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n fẹ́ kò ju kí wọ́n rí gbogbo ọmọ-ọmọ wọn lójú kan, láìgun àtẹ̀gùn púpọ̀.

Nítorí náà, tí ẹnì kan nínú ilé bá ní "ó ti sú mi", òótọ́ ló ń sọ nípa ara ẹ̀. Kò sọ nípa àwọn yòókù.

Àwọn tó ni ọkọ̀ mọ̀

Ẹ má rò pé àwọn ilé iṣẹ́ yìí ń sùn. Wọ́n mọ̀ pé omi kò yí padà, wọ́n wá ń yí ọkọ̀ padà. Lọ́dún 1999, Royal Caribbean gbé Voyager of the Seas jáde, pẹ̀lú ibi tí èèyàn ti lè fi bàtà yìnyín sáré àti ògiri tí wọ́n ń gùn bí àpáta. Lọ́dún 2009, wọ́n gbé Oasis of the Seas jáde, tó ní ọgbà tí igi gidi wà láàárín ẹ̀. Lọ́dún 2024, Icon dé pẹ̀lú ibi eré omi ńlá. Ẹni tó bá ti mọ̀ pé ara ẹ̀dá ń yára mọ́ nǹkan, á mọ ìdí tí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kejì tí wọ́n ń gbà ni oyè. Bí àpẹẹrẹ, nínú ètò Crown & Anchor Society ti Royal Caribbean, òru kan lórí ọkọ̀ jẹ́ àmì kan. Ẹni tó bá gba yàrá ńlá aláràbarà ń gba ìlọ́po méjì. Àmì 80 ló ń sọ èèyàn di Diamond. Àmì 700 ló ń gbé èèyàn dé orí oyè tó ga jù, Pinnacle Club.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Ìdílé tó bá ń lọ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún òru 7, nínú yàrá tí kì í ṣe aláràbarà, ìrìn àjò kejìlá ni wọ́n tó máa di Diamond. Ọmọ tó jẹ́ ọdún 6 nígbà àkọ́kọ́ á ti di ọmọ ọdún 17. Pinnacle ńkọ́? Ọgọ́rùn-ún ọdún gbáko ni. Oyè kò burú, ẹ̀bùn wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ìdílé bá ń lọ torí kí àmì tí wọ́n ti kó jọ má bàa ṣòfò, tí kì í ṣe torí pé ó wù wọ́n, oyè ti di okùn nìyẹn.

Wọ́n tún máa ń ta ìrìn àjò tó ń bọ̀ lórí ọkọ̀, nígbà tí inú gbogbo èèyàn ṣì ń dùn, pẹ̀lú ẹ̀dínwó tàbí ẹ̀bùn díẹ̀. Owó ìdókòwò kékeré ni wọ́n máa ní kẹ́ ẹ san. Ẹni tó bá ń fọwọ́ sí i lọ́jọ́ kẹfà ìsinmi, ọkàn ẹ̀ kò tíì dé ilé. Ẹ kúkú béèrè bóyá wọ́n máa dá owó náà padà tẹ́ ẹ bá yí ọkàn padà, kẹ́ ẹ tó san án.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ó ti ń sú yín?

Àwọn àmì kan wà tẹ́ ẹ lè fi mọ̀:

- Kò sẹ́ni tó ń ka ọjọ́ mọ́. Ìrìn àjò ku ọ̀sẹ̀ kan, kò sẹ́ni tó tíì wá àpò jáde.
- Gbólóhùn tó pọ̀ jù lẹ́nu yín lórí ọkọ̀ ni "ti èṣí dára ju èyí lọ".
- Ẹ ń ra ohun tó wọ́n sí i lọ́dọọdún, yàrá tó tóbi sí i, ọkọ̀ tó tuntun jù, kó tó lè dùn bíi ti tẹ́lẹ̀.
- Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń ṣe tiẹ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ kì í sì í jẹun alẹ́ pọ̀ mọ́.

Àmì kẹrin yìí ló yẹ kó dùn yín jù. Ìtànṣán ohun tuntun lè tán, kò burú. Tí ìjókòópọ̀ náà bá ti tán, ẹ̀ ń sanwó kí ẹ lè máa gbé lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lórí omi, èyí tó jẹ́ pé ọ̀fẹ́ ni nílé.

Kí ló lè mú adùn ẹ̀ padà?

Àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ fi àyè sílẹ̀. Lọ́dún 2008, Leif Nelson àti Tom Meyvis gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi ìfọwọ́ra ara dán wò. Àwọn èèyàn rò pé kí wọ́n má dá a dúró ló máa dùn jù. Àmọ́ àwọn tí wọ́n dá tiwọn dúró láàárín, tí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n gbádùn ẹ̀ jù. Tẹ́ ẹ bá fo ọdún kan tàbí méjì, ara á gbàgbé díẹ̀, ìfojúsọ́nà á sì tún wọlé.

Ìkejì ni kẹ́ ẹ yí ọ̀nà padà dípò kẹ́ ẹ yí ọkọ̀ padà. Láti Seattle, ọkọ̀ ń lọ sí Alaska, níbi tí òkè yìnyín wà; ó sì máa ń yà ní Victoria ní Kánádà nítorí òfin 1886 yẹn kan náà. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Ìlú Ọba lè gbéra ní Southampton lọ sí Norway. Ọkọ̀ ìgbafẹ́ tún ń ná etíkun Brazil nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, ó sì ń yà ní Salvador ní Bahia. Ọmọ tó bá sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀, tó rí obìnrin tó wọ aṣọ funfun tó ń din acarajé nínú epo pupa, tó tọ́ ọ wò, tó sì rí i pé àkàrà ni, ohun tó máa bi bàbá ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kò ní jọ ìbéèrè nípa íntánẹ́ẹ̀tì.

Ìkẹta kò náwó: ẹ ya oúnjẹ alẹ́ sọ́tọ̀ fún gbogbo ìdílé, láìsí fóònù. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì ní ọjọ́ kan tí òun àti òbí kan ṣoṣo máa jọ lò.

Màmá tó wà nílé ńkọ́?

Apá yìí ni àwọn tó wà nílé máa ń fẹ́ gbọ́. Ọjọ́ ìsinmi tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà ń gbà lọ́dún kò tó nǹkan. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá lò lórí ọkọ̀, wọn kò lè lò ó ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Owó bàálù èèyàn márùn-ún wá sí Nàìjíríà ju owó ọkọ̀ láti Galveston lọ dáadáa, ohun tó sì ń mú kí ọkọ̀ borí lọ́dọọdún nìyẹn. Àmọ́ Yorùbá ní ilé làbọ̀ sinmi oko. Ọmọ tó bá mọ Cozumel lẹ́ẹ̀marùn-ún, tí kò mọ yàrá tí wọ́n bí bàbá ẹ̀ sí, nǹkan kan ti sọnù tí ọkọ̀ kankan kò lè dá padà. Màmá àgbà kò sì ní máa dúró títí.

Àwọn kan á ní, "Ẹ jẹ́ ká mú màmá wá sórí ọkọ̀ náà." Èrò tó dáa ni, àmọ́ ẹ ṣọ́ra nípa ìwé ìrìnnà. Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ní Galveston tó lọ sí Mexico ti jáde kúrò ní Amẹ́ríkà. Ó máa tún wọlé padà ni. Ní oṣù keje ọdún 2025, Amẹ́ríkà sọ físà ìbẹ̀wò tí wọ́n ń fún ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà nígbà yẹn di ti ìwọlé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, fún oṣù mẹ́ta. Òfin yìí sì ń yí padà lemọ́lemọ́. Ẹ bi agbẹjọ́rò tó mọ̀ nípa ìwé ìrìnnà, kẹ́ ẹ sì bi ilé iṣẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀.

Kí wá ni ìdáhùn?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó máa ń sú èèyàn, tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ni èèyàn ń lọ wò. Ìrìn àjò kẹta tàbí kẹrin, ojú ti rí gbogbo ẹ̀ tán. Kì í tètè sú ẹni tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀ ló ń lọ wò, torí pé àwọn ọmọ kì í dúró lójú kan. Ọmọ èṣí kọ́ lẹ ó bá wọkọ̀ lọ́dún yìí.

Kẹ́ ẹ tó san owó tó ń bọ̀, ẹ pe ará ilé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, títí kan àbíkẹ́yìn, kẹ́ ẹ bi í pé: "Tí a ò bá lọ lọ́dún yìí, kí ni wàá sàárò ẹ̀?" Tó bá dárúkọ oúnjẹ tàbí ibi eré, ẹ lè fo ọdún yìí, nǹkan kan ò ní ṣe. Tó bá dárúkọ ẹnì kan nínú ilé, ẹ ti mọ ohun tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ wá àyè fún, ì báà jẹ́ lórí omi, ì báà jẹ́ nílé, ì báà jẹ́ ní àgbàlá màmá àgbà.